ÀFÒPINÁ ÀTI ÀGBÀDO WA: Àsọyé Lórí Mímọ Orúkọ Àwọn Kòkòrò Oko

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn mìíràn nínú yín lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àfòpiná ni a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ lè wí nínú ọkàn yín pé: Kí ni àfòpiná ní í ṣe pẹ̀lú àwa ará Apapa àti Ajegunle? Àwa kì í ṣe ará oko. Ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń jí wa, kì í ṣe igbe àparò. Èbúté ni ó wà níwájú wa, kì í ṣe ebè. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ̀kọ tí ẹ fi àkàrà mu ní òwúrọ̀ òní, níbo ni ó ti wá? Àgbàdo tí àwọn ìyá ń sun lẹ́bàá títì títí dé ọjà Boundary, ta ni ó gbìn ín? Adìẹ tí ẹ ń pa ní ọjọ́ ọdún, kí ni a fi bọ́ ọ? Ẹni tí ó bá ń jẹ àgbàdo kò lè wí pé ọ̀rọ̀ oko kò kan òun.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín ọ̀rọ̀ wa sí. Èkíní, a ó sọ ohun tí àfòpiná jẹ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Èkejì, a ó sọ ìtàn àjòjì àfòpiná tí a rí ní ilẹ̀ wa ní ọdún 2016, àti bí a ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a ó sọ bí a ti í wá àfòpiná rí ní oko tí a sì í dá wọn mọ̀, àti iṣẹ́ tí ó já lé àwa tí ń gbé ní ẹnu ọ̀nà èbúté léjìká.

I. Ohun tí àfòpiná jẹ́

Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀dá abìyẹ́ kékeré tí í fò yí àtùpà ká ní alẹ́. Òun ni àwọn baba wa fi pa òwe pé, àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ìbátan labalábá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni labalábá ń fò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfòpiná sì jẹ́ ẹ̀dá òru. Ìwo orí labalábá a máa ní kókó ní ṣóńṣó. Ti àfòpiná a máa rí bí okùn tín-ín-rín tàbí bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ìyẹ́ rẹ̀, ohun kan bí ìyẹ̀fun yóò lẹ̀ mọ́ ìka yín; ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni ìyẹ̀fun náà, bí ìpẹ́ ẹja, òun ni ó sì fún ìyẹ́ náà ní àwọ̀ àti àmì.

Ipò mẹ́rin ni ó ń là kọjá ní ayé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹyin. Láti inú ẹyin ni ọmọ rẹ̀ ti ń jáde, tí í rìn fàà bí ìdin, tí í sì í jẹ ewé tọ̀sán tòru. Nígbà tí ọmọ náà bá yó, yóò dá ilé mọ́ ara rẹ̀ lórí, yóò dákẹ́ bí òkú nínú ilẹ̀ tàbí lára igi. Níkẹyìn yóò jáde pẹ̀lú ìyẹ́, yóò sì fò lọ. Ẹ kíyè sí i pé ipò kejì ni ó ń ba oko jẹ́. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ ewé. Omi dídùn inú òdòdó ni ó sábà ń mu. Nítorí náà ni àgbẹ̀ púpọ̀ kò fi mọ̀ pé ẹ̀dá jẹ́jẹ́ tí ó bà sí ara ògiri wọn lálẹ́ àná ni yóò bí olè tí yóò wọ inú oko wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fún nǹkan bí 160,000 irú àfòpiná ní orúkọ ní gbogbo ayé. Àwa ńkọ́? Ní ahọ́n àwa ará ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù: kòkòrò. Kòkòrò ni èyí tí ń jẹ ẹ̀fọ́, kòkòrò ni èyí tí ń jẹ obì, kòkòrò ni èyí tí ń jẹ aṣọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn baba wa ní oko, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a ń ka ìwé. Nínú ìwé Jóẹ́lì wòlíì, oríṣi ajẹ̀ko mẹ́rin ni a kà lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ti ń jẹ tẹ̀ lé ara wọn. Wòlíì náà kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú ìwé Gẹ́nẹ́sísì pẹ̀lú, kí Ádámù tó ní aya, kí ó tó ní ọmọ, a ti fi iṣẹ́ fífún àwọn ẹ̀dá ní orúkọ lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí méjì wá láti ilẹ̀ Yorùbá, kí a lè rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ wo aṣọ sányán, tí a fi ń gbé ìyàwó, tí a sì fi ń sin àgbà. Ta ni ó pèsè òwú rẹ̀? Ọmọ àfòpiná ni. Àwọn àfòpiná kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe. Àwọn ọmọ wọn a máa gbé ní agbo, wọn a sì jùmọ̀ hun ilé kan tí gbogbo wọn yóò sùn sí. Àwọn ènìyàn a máa ká ilé náà nínú igbó, wọn a sè é nínú omi eérú kí ó lè rọ̀, wọn a sì ran án ní òwú. Ẹni tí ó bá pa gbogbo àfòpiná run nítorí pé ọ̀kan ń jẹ àgbàdo, sányán ni ó pa run.

Ẹ̀rí kejì kò dùn bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn oníṣègùn ti ń ròyìn àìsàn kan tí í dé ní ìgbà òjò. Ènìyàn tí ara rẹ̀ le ní àná yóò jí, yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ràn án mọ́, yóò máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹ lè fi ojú inú wo ohun tí aládùúgbò yóò máa sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993 ni Ọ̀mọ̀wé Bola Adamolekun kọ̀wé pé àìsàn náà so mọ́ jíjẹ ọmọ àfòpiná kan, Anaphe venata, èyí tí í jẹ ewé igi arère, tí àwọn ènìyàn sì í sun jẹ bí ẹran. Ohun kan wà nínú ara rẹ̀ tí í ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ́ pé oúnjẹ onísítáṣì nìkan ni ó ń jẹ, tí fítámì náà kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni ó ń bọ́ sínú ewu. Fítámì B1 yìí kan náà ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti rí! Ẹni tí ó wí pé “kòkòrò ni ó jẹ” kò tíì sọ ohun kan, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò ni à ń jẹ tí ń ṣe ara lóore. Ìgbà tí a bèèrè pé “èwo nínú kòkòrò?” ni ìwòsàn bẹ̀rẹ̀.

II. Àjòjì tí a rí ní ọdún 2016

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, a rí ohun àjèjì nínú oko àgbàdo ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Ewé àgbàdo di jákujàku. Inú ewé àárín tí kò tíì là kún fún ìgbẹ́ kòkòrò tí ó dà bí ìyẹ̀fun pákó tí a fi ayùn rẹ́. Igi àgbàdo mìíràn kò sì lè yọ ọmọ mọ́.

Ó rọrùn púpọ̀ kí a wí pé ohun àtijọ́ ni. Ilẹ̀ wa ní ọ̀tá àgbàdo tirẹ̀. Busseola fusca wà, Sesamia calamistis wà, Eldana saccharina wà: ọmọ àwọn àfòpiná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni í lu inú igi àgbàdo. Spodoptera exempta pẹ̀lú wà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ọmọ ogun pè, nítorí pé ní ọdún tí ó bá pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ a máa wọ́ lọ lórí ilẹ̀ bí ẹgbẹ́ ogun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní àkókò tirẹ̀ àti ìwà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi oògùn ti ọ̀kan wo òmíràn, owó rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ni ó fi ṣòfò.

Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA kò gbà pé ohun àtijọ́ ni. Wọ́n mú àwọn ọmọ kòkòrò náà, wọ́n sìn wọ́n títí wọ́n fi hu ìyẹ́. Wọ́n wo àmì ara ìyẹ́ náà. Wọ́n wo ẹ̀yà ìbímọ akọ nínú awò tí í mú ohun kékeré tóbi, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn tí ó jọra lójú ti í yàtọ̀ sí ara wọn. Wọ́n sì yẹ ohun àjogúnbá inú ara wọn wò, èyí tí à ń pè ní DNA. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Georg Goergen, tí ó wà ní ibùdó IITA ní orílẹ̀-èdè Benin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde fún gbogbo ayé pé Spodoptera frugiperda ni, àfòpiná ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a kò tíì rí ní ilẹ̀ Áfíríkà rí. Wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo àti ní erékùṣù São Tomé. Ìdílé méjì ni DNA rẹ̀ sì fi hàn. Èyí tọ́ka sí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ará Amẹ́ríkà ni? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ wa. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ John Abbot, tí ó ń gbé ní Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya àwòrán labalábá àti àfòpiná pẹ̀lú ọmọ wọn àti ewé tí wọ́n ń jẹ. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Edward Smith sì fi wọ́n sínú ìwé ní ọdún 1797. Nínú ìwé náà ni a ti kọ́kọ́ fún àfòpiná yìí ní orúkọ frugiperda, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìpàdánù èso. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1797 dé 2016, ọdún 219 ni. Ọkùnrin tí ó jókòó ti ewé pẹ̀lú kálámù àti ọ̀dà kò mọ Ìbàdàn, kò sì gbọ́ orúkọ Ìkẹ́nnẹ́ rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó wo ohun kékeré ní àwòfín, tí ẹlòmíràn sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn rí ìwé ṣí nígbà tí àjálù dé. Bí orúkọ náà ti di mímọ̀ ni gbogbo ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ di tiwa: iye ẹyin tí ó ń yé, ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ń pa á.

Ìmọ̀ náà nìyí ní ṣókí. Abo kan lè yé ẹyin 1,500 sí 2,000 ní ayé rẹ̀. Ìdìpọ̀ bí 100 sí 200 ni ó ń yé e sára ewé, ó sì máa ń fi irun ara rẹ̀ bò ó. Láti ẹyin títí dé ìgbà tí ó ní ìyẹ́, nǹkan bí ọjọ́ 30 ni ní ìgbà tí ooru bá mú. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gidigidi ó máa ń kú. Ní ilẹ̀ tiwa kò sí òtútù tí yóò pa á, nítorí náà ó ń bí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ohun ọ̀gbìn àti koríko tí ó lè jẹ lé ní 350, ṣùgbọ́n àgbàdo ni ó fẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ lè gbé e rin ìrìn 100 kìlómítà ní òru ọjọ́ kan.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún 2018, ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 40 ní Áfíríkà, a sì rí i ní Íńdíà ní ọdún kan náà. Ní 2019 ó ti wọ Ṣáínà. Ní 2020 ó ti dé Ọsirélíà. Ní ọdún 2017, àjọ CABI ṣírò pé ní orílẹ̀-èdè 12 péré ní Áfíríkà, bí a kò bá ṣe nǹkan kan, àdánù àgbàdo lè tó 8.3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sí 20.6 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ní ọdún kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ń kọjá níwájú wa lè ru 30 tọ́ọ̀nù. Ẹ mú iye kékeré nínú méjèèjì, kí ẹ fi 30 pín in. Yóò lé ní 270,000 ọkọ̀ tí ó kún fún àgbàdo, tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

III. Bí a ti í wá a rí, àti iṣẹ́ tí ó já lé wa léjìká

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń gbà mọ àfòpiná tí ó wà ní agbègbè oko, kò sì sí èyí tí ó ju agbára olùkọ́ ilé ìwé kan tàbí ọ̀dọ́ ìjọ kan lọ.

Ọ̀nà kìíní ni ti àtùpà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó ta aṣọ funfun sórí okùn ní etí oko, a ó sì gbé àtùpà kọ́ síwájú rẹ̀. Òru tí kò sí òṣùpá ni ó dára jù. Àfòpiná yóò máa bà sí ara aṣọ náà, a ó sì máa kà wọ́n ní irú-irú. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó ń pe oríṣiríṣi: olóore, aláìlóore àti ọ̀tá pọ̀, tí a fi lè mọ gbogbo àwọn tí ń gbé agbègbè náà.

Ọ̀nà kejì ni ti òórùn. Abo àfòpiná a máa tú òórùn kan jáde ní òru, akọ a sì máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn onímọ̀ ti ṣe irú òórùn náà, wọ́n fi í sínú rọ́bà kékeré, wọ́n sì gbé e kọ́ sínú garawa tí ó ní ìdérí. Akọ yóò wọlé, kò ní lè jáde. Ìdẹkùn náà sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ojú. Ní Togo, nígbà tí a dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún Spodoptera frugiperda, àfòpiná mìíràn tí ń jẹ́ Leucania loreyi wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Àbájáde ìwádìí náà jáde ní ọdún 2019. Ẹni tí ó bá kàn da garawa náà síta tí ó sì ka gbogbo òkú inú rẹ̀ bí ọ̀kan náà yóò kéde ogun níbi tí ogun kò sí. Ojú ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹsẹ̀. Àjọ FAO kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti rìn la oko já bí ẹni ń kọ lẹ́tà W, kí wọn dúró ní ibi márùn-ún, kí wọn sì yẹ igi àgbàdo 10 wò ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó yẹ kí a wá nìyí. Bí ọmọ kòkòrò bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ wo iwájú orí rẹ̀: àmì funfun kan wà níbẹ̀ bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ wo ìhà ìdí rẹ̀: àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ó dúró ní igun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ tábìlì. Bí ó bá ti ní ìyẹ́, akọ rẹ̀ ní àmì funfun ní ìhà ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú. Abo rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun, etí rẹ̀ sì dúdú díẹ̀.

Èyí tí a bá mú tí kò yé wa, a ó gbẹ ẹ́, a ó fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ inú àpótí gbígbẹ, a ó sì fi ìwé kékeré sábẹ́ rẹ̀ tí a kọ orúkọ ibi tí a ti mú un sí, ọjọ́ tí a mú un, ohun ọ̀gbìn tí ó wà lára rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó mú un. Àfòpiná tí kò ní ìwé lábẹ́ jẹ́ òkú lásán; èyí tí ó ní ìwé di ẹlẹ́rìí.

Bí a bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí ni a ó ṣe? Àwọn mìíràn a máa sáré ra oògùn apakòkòrò, wọn a sì máa fọ́n ọn kiri ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ọmọ àfòpiná yìí máa ń sá pamọ́ sínú ewé àárín ní ọ̀sán. Bí ó bá ti tóbi, oògùn kò ní bá a níbẹ̀. Ẹni tí oògùn ń bá ni àgbẹ̀ tí ń fọ́n ọn, àti àwọn olóore tí ń pa kòkòrò náà jẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́: èèrà, agbọ́n àti àwọn mìíràn. Àgbẹ̀ tí ó ní oko kékeré yóò ṣe dáadáa bí ó bá ń wo ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo ti hù, tí ó ń fi ọwọ́ pa ìdìpọ̀ ẹyin rẹ̀ kí ó tó pa. Bí oògùn bá sì di dandan, kí ó jẹ́ èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti agbọ́n kan. Orúkọ rẹ̀ ni Telenomus remus. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin àfòpiná, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà níbẹ̀, tí ó sì jẹ ẹyin náà tán. Ní ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ó wà ní Áfíríkà: ní Benin, ní Niger, ní Côte d'Ivoire, ní Kenya àti ní South Africa. Kò sí ẹni tí ó rán an wá sínú oko wọ̀nyí. Àwọn tí ó mọ ẹyin yàtọ̀ sí ẹyin ni ó bá a níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé àṣejù àwọn onímọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, kí ó rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kan tí kì í ṣe ìbátan àfòpiná bẹ̀rẹ̀ sí ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, nítorí náà a lọ wá ọ̀tá rẹ̀ lọ síbẹ̀. A rí kòkòrò kan tí ó jọ ọ́, a mú agbọ́n tí ń pa á, ṣùgbọ́n agbọ́n náà kò ṣe ojúṣe rẹ̀ lára ti Áfíríkà. Èé ṣe? Nítorí pé irú mìíràn ni, ojú lásán ni kò lè yà wọ́n. Ìgbà tí a rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay ní ọdún 1981 ni a rí agbọ́n tí ó bá a mu, a sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún kan náà. Ẹ̀gẹ́ bọ́. Hans Herren, tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà ní IITA, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ gààrí, àtúnṣe orúkọ kan wà nínú àwo yín.

Ó wá kan àwa tí a wà níhìn-ín. Ní ọdún 1921 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté olómi jíjìn ní Apapa, láti ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà ńlá ilẹ̀ yìí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ń gbà wọlé, kòkòrò lè gbà á pẹ̀lú. Ní Yúróòpù, àwọn ayẹ̀ruwò ti bá ọmọ Spodoptera frugiperda nínú ata àti ohun ọ̀gbìn mìíràn tí a kó wá láti Amẹ́ríkà. Nínú ìjọ wa àwọn kan jẹ́ akọ̀wé ní èbúté, àwọn kan ń gba ẹrù jáde, àwọn kan ń wa ọkọ̀, àwọn kan ń ta èso àti ewébẹ̀. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni fi irúgbìn tàbí ohun ọ̀gbìn tútù pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service. Ẹni tí ó gba owó díẹ̀ kí ó lè mójú kúrò lára àpótí kan lè jẹ́ ẹni tí ó ta oko ẹgbẹẹgbẹ̀rún opó tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò mú un ní ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ta aṣọ funfun fún àwọn ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ bá kó wọn lọ sí ìgbèríko. Ẹ jẹ́ kí wọn yà á, kí wọn kà á, kí wọn kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó mọ àmì mẹ́rin ìdí kòkòrò kan lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ké nígbà tí òmíràn bá dé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní bàbá tàbí ìyá àgbà ní oko, nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe kòkòrò ara igi èyí àti ti ara ewé tọ̀hún, àkókò tí ó ń jáde, èyí tí ó ṣeé jẹ àti èyí tí kò ṣeé jẹ. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ti pè é gan-an. Àgbà tí ó bá kú láìjẹ́ pé a bi í, àwọn orúkọ náà bá a lọ. Ẹ kó wọn jọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ìjọ, kí a lè tò wọ́n sínú ìwé kan, kí a sì fi òkú kòkòrò tí ó ní ìwé lábẹ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà bá ìwé òfo.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó dá ńlá àti kékeré, kí ó la ojú wa láti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì dáàbò bo oko àwọn tí ń bọ́ wa. Àmín.